Ẹsẹ̀ mi kì í jẹ́ kí n sùn lálẹ́: kí ni mo lè ṣe kó má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá?

Ìyá Aláṣọ Kabba (Ajé, 9:40 alẹ́)

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí, aṣọ ni mo ń tà nínú ọjà Kabba. Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí ẹsẹ̀ mi ti sọ alẹ́ di ogun mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́sàn-án tí mò ń lọ tí mò ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí nǹkan kan. Àmọ́ bí mo bá ti jókòó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tàbí mo fẹ̀yìn lélẹ̀, ó dé nìyẹn. Kì í ṣe pé ó ń dùn mí, kì í sì í ṣe pajápajá. Ńṣe ló dà bíi pé ìjàlọ ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ nínú egungun ojúgun mi, níbi tí èékánná ò lè dé kí n họ ọ́. Bí mo bá mi ẹsẹ̀ tàbí mo nà án, á lọ. Bí mo bá dá a dúró, kí n tó ka ení dé ogún, ó ti padà.

Lóru àná, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dìde. Orí sìmẹ́ǹtì ni mo máa ń bọ́ sí láìwọ bàtà, torí pé títutù rẹ̀ ń tù mí lára, màá wá máa rìn láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé ìdí àdògán, màá tún padà. Bàbá àwọn ọmọ ní mò ń ta àwọn nípàá lójú oorun.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni màmá mi ṣe máa ń ṣe nígbà tí a wà ní kékeré. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn á dojú bolẹ̀ lórí ẹní, wọn á ní kí èmi àti àbúrò mi wá gun àwọn lẹ́sẹ̀. A ó di ògiri mú, a ó máa tẹ̀ ẹ́ láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún. Eré la pè é nígbà yẹn.

Ọmọ tó ń ta oògùn nítòsí wa ní kí n máa lo Piriton méjì kí n tó sùn. Ojú mi máa ń wúwo lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ò gbọ́. Mi ò fẹ́ oògùn tí màá máa mu títí ayé. Bí èèyàn ṣe lè dènà rẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀. Mo fẹ́ lọ ra ọjà l'Ékòó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bọ́ọ̀sì òru ni mo máa ń wọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ti ń bà mí láti ìsinsìnyí.

Bàbá Àgbẹ̀ Ìjùmú (Ajé, 9:58 alẹ́)

Okun, ọmọ mi. Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ó ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìdí wá sí ẹsẹ̀. Yé jẹ ohun dídùn, kí o wá agbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ, kí o máa mu ife kékeré kan kí o tó sùn. Èmi tí mò ń mu ún, bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ó di ìgbà tí àkùkọ bá kọ.

Ọmọ Mọ̀pà (Ajé, 10:20 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́, Bàbá. Ẹ má bínú pé mò ń ta ko ọ̀rọ̀ yín, àmọ́ ọ̀nà yẹn ni mo gbà tí ẹsẹ̀ mi fi burú sí i. Ọtí inú agbo yẹn máa ń kun èèyàn lóorun lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tó bá di aago kan sí méjì òru, tó ń kúrò lára, ẹsẹ̀ á wá jí pẹ̀lú ìbínú. Oṣù mẹ́ta ni mo fi mu ún kí n tó fura, torí pé alẹ́ tí mi ò mu ún ni mo máa ń sùn dára jù. Sìgá náà bẹ́ẹ̀. Mo fi méjèèjì sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ò lọ pátápátá, àmọ́ ó dín kù débi tí mo fi lè sọ pé mo sùn.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Yàgbà (Ajé, 11:05 alẹ́)

Ìyá Aláṣọ, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Mo ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́rìndínlógún, bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ ṣí ìwé wa kà ni. Ó lórúkọ. Restless Legs Syndrome ni òyìnbó ń pè é. Ó ti pẹ́ láyé: Thomas Willis, dókítà ará Ìlú Ọba, kọ nípa rẹ̀ ní 1672, Karl-Axel Ekbom ará Sweden ló wá fún un lórúkọ ní 1945. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ fún yín pé inú ọkàn yín ló wà.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀ nìyí: ẹsẹ̀ á máa fi dandan lé e pé kí ẹ mi òun, ìgbà tí ara bá simi ló máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá rìn, á fúyẹ́, ìrọ̀lẹ́ àti òru ló sì máa ń le jù. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, tí kì í sì í ṣe pajápajá tàbí wíwú ló fà á, òun ni. Ó máa ń tọ ẹ̀jẹ̀ ìdílé, nítorí náà ohun tí màmá yín ń ṣe lórí ẹní yẹn kì í ṣe àwàdà.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù báyìí. Irin tó wà nínú oúnjẹ, tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ náà nílò rẹ̀ láti fi ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ dopamine, tó wà lára ohun tó ń darí bí a ṣe ń mi ara. Tí irin bá kéré nínú ọpọlọ, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú. Àyẹ̀wò tó ń fi irin tí ara tọ́jú pa mọ́ hàn ni ferritin. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi PCV nìkan, àyẹ̀wò tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, dá yín padà sílé. Iṣu lè wà nínú ìkòkò lónìí kí abà ti ṣófo: PCV ń wo inú ìkòkò, ferritin ń wo abà. Fún ẹni tó ní ẹsẹ̀ yìí, àwọn dókítà máa ń fẹ́ kí ferritin ju 75 lọ, bí ilé àyẹ̀wò tilẹ̀ kọ ọ́ pé 30 kò burú.

Tó bá kéré, ìbéèrè tó kàn ni ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ. Ṣé nǹkan oṣù yín máa ń pọ̀? Ṣé ẹ ní ọgbẹ́ inú? Ṣé ẹ máa ń lọ sóko láìwọ bàtà? Aràn kan wà tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ mu nínú ìfun. Ṣé ẹ máa ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní ọsibítù?

Àti Piriton. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Piriton, Phenergan, àti gbogbo oògùn ọ̀fìnkìn àtijọ́ tó ń kunni lóorun, wọ́n máa ń mú kí ẹsẹ̀ yìí burú sí i. Plasil tí a fi ń dá èébì dúró náà ń ṣe é. Amitriptyline àti àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mìíràn lè ṣe é. Àmọ́ èyí tí dókítà bá kọ fún yín, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ padà lọ bá a sọ ọ́.

Ìyá Aláṣọ Kabba (Ajé, 11:31 alẹ́)

Ha! Piriton tí mo rò pé ó ń ràn mí lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Nǹkan oṣù mi máa ń tó ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì máa ń dì. Mi ò mọ̀ pé ó lè kan ẹsẹ̀ láéláé, mi ò tiẹ̀ ní sọ ọ́ níbí ká ní ẹ ò béèrè.

Awakọ̀ Ọ̀nà Lọ́kọ́ja (Ìṣẹ́gun, 5:15 àárọ̀)

Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ire, àmọ́ wọn ò sọ ti obì. Ìyá Aláṣọ, ṣé ẹ máa ń jẹ obì ní ṣọ́ọ̀bù? Mo ti wa ọkọ̀ fún ọdún méjìlélógún. Obì gbànja méjì lóòjọ́, pẹ̀lú kọfí àti àwọn ohun mímu alágolo tó ń lé oorun. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tí mo fi ń tẹ bíréékì kò ní nǹkan kan bí mo bá ń wakọ̀. Bí mo bá délé, tí mo jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, á bẹ̀rẹ̀. Dókítà kan ló sọ fún mi pé ohun tó wà nínú kọfí, òun náà ló wà nínú obì àti tíì, àti pé lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún tí mo bá jẹ ẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára mi.

Kò rọrùn. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo fi obì sílẹ̀, orí ń fọ́ mi bíi pé wọ́n ń lu agogo nínú rẹ̀. Àmọ́ kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ pé òun ò rí i kí n ta òun nípàá mọ́. Báyìí, bí wọ́n bá fún mi lóbì níbi ìnáwó, màá gbà á, màá fi sápò, torí pé a kì í kọ obì. Jíjẹ ni mi ò jẹ.

Ní ti Èkó: ẹ má wọ bọ́ọ̀sì òru. Àárọ̀ ni ẹsẹ̀ yìí máa ń fara balẹ̀ jù, ọ̀nà náà sì dára lójúmọmọ ju òru lọ. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àyè tí wọ́n ń gbà kọjá láàárín ọkọ̀, kí ẹ lè na ẹsẹ̀. Ẹ sọ fún awakọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibikíbi tó bá dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ rìn.

Ìyá Ìbejì (Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀)

Oyún àwọn ìbejì mi ni tèmi fi bẹ̀rẹ̀, láti oṣù keje. Mo máa ń dúró lórí ìdúró jẹun alẹ́, ẹ gbà mí gbọ́. Ní kíníìkì, wọ́n ní gbogbo aláboyún ni ẹsẹ̀ ń ro, kí n lọ sinmi. Sinmi kẹ̀! Ìsinmi gan-an ló ń fà á. Ìgbà tó yá ni dókítà mìíràn sọ fún mi pé bí aláboyún márùn-ún bá jókòó, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ní in, pàápàá ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, àti pé ó sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ. Tèmi lọ lóòótọ́ kó tó di ọjọ́ ogójì. Ẹ̀yin aláboyún tó ń ka èyí, ẹ má kàn dákẹ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wo ferritin yín. Ẹ má sì ra oògùn ẹsẹ̀ kankan lọ́wọ́ ara yín nígbà tí oyún wà nínú.

Tíṣà Ìsánlú (Ìṣẹ́gun, 2:40 ọ̀sán)

Èmi ò gbà pé irin ni gbogbo rẹ̀. Odidi ọdún kan ni mo fi lo oògùn ẹ̀jẹ̀, láràárọ̀, láìfo ọjọ́ kan. Kò ṣe nǹkan kan. Ìgbẹ́ dúdú àti àìríyàgbẹ́ ni mo rí gbà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Yàgbà (Ìṣẹ́gun, 6:18 ìrọ̀lẹ́)

Tíṣà, kí lẹ fi ń gbé e mì? Ìgbà wo lẹ sì máa ń lò ó?

Tíṣà Ìsánlú (Ìṣẹ́gun, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Tíì àti mílíìkì, kó má baà dà mí nínú rú.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Yàgbà (Ìṣẹ́gun, 7:11 alẹ́)

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Tíì, kọfí àti mílíìkì kì í jẹ́ kí irin wọ inú ẹ̀jẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí ẹ lò fún ọdún kan yẹn, ilé ìgbẹ́ ló lọ. Ẹ fi wákàtí méjì sáàárín wọn. Inú tó ṣófo ló dára jù, kí ẹ fi omi ọsàn gbé e mì, torí pé ọsàn máa ń ṣílẹ̀kùn fún un. Tó bá ń da inú rú, ẹ fi oúnjẹ díẹ̀ sí i, àmọ́ kì í ṣe tíì. Kò tiẹ̀ pọn dandan lójoojúmọ́: ẹyọ kan ní ọjọ́ kan, kí ẹ fo ọjọ́ kejì. Bí a bá lò ó lónìí, ara máa ń ti ilẹ̀kùn díẹ̀ ní ọ̀la, èyí tí ẹ bá lò lọ́la kò ní wọlé tó ti òní. Fífo ọjọ́ náà á dín àìríyàgbẹ́ kù. Ẹ tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Tí kò bá gòkè síbẹ̀, dókítà lè fi abẹ́rẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ fa irin sí yín lára.

Oúnjẹ náà ń bẹ: ẹ̀dọ̀, ẹran pupa, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Àmọ́ mi ò ní tàn yín. Abà tó ti ṣófo pátápátá, ẹ̀fọ́ nìkan kò lè tètè kún un.

Òbí Ọmọ SS (Ìṣẹ́gun, 8:45 alẹ́)

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un kí ẹnì kan má baà sáré lọ ra irin lọ́la. Ọmọ mi ní àrùn fọ́níkú-fọ́nídìde, wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú ara irú wọn, irin lè ti pọ̀ jù, tó bá sì pọ̀ jù, á ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn jẹ́. Àyẹ̀wò ni kó kọ́kọ́ ṣíwájú. Ẹ sì gbé oògùn náà sókè réré kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé. Ó jọ súìtì lójú wọn, ó sì lè pa ọmọ kékeré.

Ìyá Àgbà Búnú (Ọjọ́rú, 6:20 àárọ̀)

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Ìyá Aláṣọ, okun o. Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìwé, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ ẹsẹ̀ tó ń rìn lóru, ẹnì kan ló ń pè é. Nínú ọjà tí ẹ wà yẹn, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń bá yín rẹ́rìn-ín ló fẹ́ràn yín. Ẹ má máa tẹ ohun tí ẹ ò mọ̀ mọ́lẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ẹ gbàdúrà. Lálẹ́, kí ẹ yọ́ òrí sínú àwo, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹnì kan fi ra yín lẹ́sẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, pẹ̀lú agbára, kì í ṣe bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí.

Tíṣà Ìsánlú (Ọjọ́rú, 1:05 ọ̀sán)

Màmá, ẹ kú àdúrà fún wa, a ò ní fi àdúrà sílẹ̀. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí Ìyá Aláṣọ máa wo àwọn tí wọ́n jọ ń tajà bí ọ̀tá. Ohun tó ṣe ìyá rẹ̀ ló ń ṣe òun náà, ìyá rẹ̀ kò sì sí nínú ọjà yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kan bá ọ̀rẹ́ ogún ọdún jà nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí, wọn ò sì tíì bára wọn sọ̀rọ̀ títí di òní.

Ti òrí yẹn, mo gbà á pátápátá. Ìyàwó mi ń fi ra mí lẹ́sẹ̀, ó sì ń ra mí padà.

Ọmọ Agbóko (Ọjọ́rú, 7:50 alẹ́)

Iṣẹ́ ni oògùn rẹ̀! Ẹ lọ kọ ebè àádọ́ta, ẹ wá rí i bóyá ẹsẹ̀ á ṣì lágbára láti rìn lóru.

Ọmọ Mọ̀pà (Ọjọ́rú, 8:14 alẹ́)

Ọ̀rẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wa. Ọjọ́ tí mo bá kọ ebè dé ìrọ̀lẹ́ ni tèmi máa ń le jù. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ló dára: ìrìn kíkankíkan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má sì jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ lo máa kàn ṣubú lu ibùsùn. Nígbà tí mo bá ń kó kajú tó ti já lábẹ́ igi ní àárọ̀, tí mò ń bẹ̀rẹ̀ tí mò ń dìde jẹ́jẹ́, mo máa ń sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọmọ Ẹ̀kìnrìn (Ọjọ́bọ̀, 9:30 àárọ̀)

Ẹ ṣọ́ra kí a má pe gbogbo ẹsẹ̀ ní orúkọ kan. Bàbá mi ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, a rò pé òun ni. Àmọ́ tiwọn ń ta bí iná lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́sàn-án lóru, bí wọ́n bá rìn kò dín. Àtọ̀gbẹ ni, ó ti ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́ kí a tó mọ̀. A ti pẹ́ jù. Àìsàn kíndìnrín náà lè fa ẹsẹ̀ aláìsinmi gan-an. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà àti kíndìnrín pọ̀ mọ́ ti ferritin, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà lẹ́ẹ̀kan náà lè tó o.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Yàgbà (Ọjọ́bọ̀, 12:10 ọ̀sán)

Òótọ́ pọ́ńbélé. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń dunni lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń bá ara wa sọ níbí. Ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, torí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ọmọ Okun ní London (Ọjọ́bọ̀, 10:47 alẹ́)

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti ọjọ́ Ajé, mo ní láti sọ̀rọ̀ nítorí ẹni tó bá ń rò pé oògùn òyìnbó á parí gbogbo rẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ní ẹsẹ̀ yìí. Pramipexole ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo lò ó, mo sunkún nígbà tí ilẹ̀ mọ́, torí pé mo ti gbàgbé bí oorun àsùnwọra ṣe rí. Mo yin Ọlọ́run.

Nígbà tó di ọdún kejì, ẹsẹ̀ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà. Wọ́n fi kún oògùn náà. Ó dára fún oṣù díẹ̀. Ó tún di aago mẹ́ta ọ̀sán, ó sì gun apá. Mi ò lè jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin mọ́, mi ò lè jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tún fi kún un. Oògùn tí mò ń mu fún un ló ń bọ́ ọ. Augmentation ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ohun kejì tí ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún mi: mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín òru, ohun tí mi ò nílò, títí gbèsè fi dé ọrùn. Mo rò pé ìwà mi ló bàjẹ́. Oògùn yẹn ni. Ó máa ń sọ àwọn mìíràn di ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́.

Ó gba oṣù mẹ́rin kí dókítà tó lè yọ mí kúrò nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, oṣù mẹ́rin yẹn le ju ohun tí mo lè kọ síbí. Gabapentin ni mò ń lò báyìí, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ irin. Ìlànà tí àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2025 ti sọ pé kí wọ́n má fi irú pramipexole àti ropinirole bẹ̀rẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Mi ò sọ pé kí ẹni tó ń lò ó jù ú nù lónìí. Fífi í sílẹ̀ lójijì burú gan-an. Ẹ lọ bá dókítà yín.

Ẹni tí tirẹ̀ kò tíì le, kó tọ́jú irin, obì, ọtí àti àkókò oorun ná, kó tó fọwọ́ kan oògùn òyìnbó wọ̀nyí. Ká ní mo padà sí ọdún àkọ́kọ́, ohun tí mo máa ṣe nìyẹn.

Bàbá Àgbẹ̀ Ìjùmú (Ẹtì, 6:00 àárọ̀)

Mo ti ka ti ọmọ wa tó wà l'Óyìnbó, ó wọ̀ mí lára. Mo gbọ́ ti ọtí. Agbo tí a fi omi sè ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Yàgbà (Ẹtì, 3:33 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Agbo tí mi ò mọ egbò àti ewé tó wà nínú rẹ̀, mi ò lè sọ pé kó máa mu ún lójoojúmọ́, pàápàá kí a tó mọ bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe wà.

Bàbá Àgbẹ̀ Ìjùmú (Ẹtì, 5:20 ìrọ̀lẹ́)

Mo gbọ́. Èmi á máa mu tèmi.

Ìyá Aláṣọ Kabba (ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Àìkú, 8:15 alẹ́)

Okun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mo fẹ́ kí nǹkan fìdí múlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.

Mo fi Piriton sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì sọ ọ́. Alẹ́ méjì àkọ́kọ́, mi ò sùn. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ti yàtọ̀. Obì náà, Awakọ̀ mọ̀ ọ́n bíi pé wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí oorun bá ń kùn mí, mo máa ń bu awẹ́ kan tàbí méjì jẹ kí n lè dúró dé ìgbà tí ọjà á tú. Mo ti dá a dúró.

PCV mi jẹ́ 35, ẹni tó yẹ̀ mí wò ní kò síṣòro. Mo ní rárá, ferritin ni mo fẹ́. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ mi ránṣẹ́ sí Ìlọrin. 11 ló jáde. Dókítà ní kí n ṣe àwòrán inú, wọ́n sì rí fíbírọ́ọ̀dù méjì. Òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ọdún méjì ni mo fi ń wo ẹsẹ̀ mi, ilé ọmọ mi ni iná ti ń jó. A ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìyẹn. Irin, mò ń lò ó ní ọjọ́ kan, mo ń fo ọjọ́ kejì, pẹ̀lú omi ọsàn. Ṣúgà àti kíndìnrín dára, Ọmọ Ẹ̀kìnrìn, ẹ ṣeun, kí Ọlọ́run tu bàbá yín nínú.

Bọ́ọ̀sì àárọ̀ ni mo wọ̀ lọ sí Èkó, mo jókòó síbi tí Awakọ̀ sọ. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí a há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bí a ṣe fẹ́ wọ Èkó. Mo yọ ìwé mi jáde, mo ń ṣírò iye yáàdì tí mo máa rà àti èrè orí rẹ̀, nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ó ti lọ. Mi ò mọ ìdí rẹ̀, àmọ́ bí ọkàn mi bá wà níbi iṣẹ́ gidi, ẹsẹ̀ máa ń dákẹ́.

Ó ṣì ń wá lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Màmá Àgbà, ọmọ mi obìnrin ló ń fi òrí ra mí lẹ́sẹ̀ bí ẹ ṣe sọ, pẹ̀lú agbára. Oṣù tó ń bọ̀ ni màá tún ferritin ṣe, màá mú iye rẹ̀ wá síbí.

Mo lọ kí màmá mi ní ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Mo bi wọ́n bóyá ẹsẹ̀ yẹn ṣì ń ṣe wọ́n. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé ó ti lọ rí ni?" Wọ́n ní nígbà tí a ti ṣí kúrò nílé, tí kò sí ẹni tó máa gun àwọn lẹ́sẹ̀ mọ́, àwọn kàn máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí àwọn máa mi ẹsẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni màá gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò tiwọn. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, fún ẹni ọjọ́ orí wọn, tí wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ni kí n rí i dájú pé wọ́n wò pọ̀ mọ́ ọn?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Yàgbà (Àìkú, 9:02 alẹ́)

Ferritin, PCV, ṣúgà, àti kíndìnrín pàápàá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Tí irin wọn bá kéré ní ọjọ́ orí yẹn, kí dókítà wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ nínú ikùn, kí wọ́n má kàn fún wọn ní oògùn lásán. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú ọ̀rá kan, pẹ̀lú páálí wọn, títí kan èyí tí wọ́n rà lójú ọ̀nà. Ẹ bá mi kí Màmá.